Bí Mo Ṣe Lọ sí Ààfin Ìwin Onírin Nítorí Bíárìn Ẹ̀rọ Àbẹ̀jẹ́

Èmi Ọdẹ́kúnlé ọmọ Ọdẹ́tókun ni mo fi ọwọ́ òsì di òòrùn mú lójú ọ̀run lọ́jọ́ kan, tí n kò jẹ́ kó wọ̀, kí aṣọ tí ìyàwó mi sá lè gbẹ. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń jẹun ní gbogbo àkókò náà. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé òòrùn gbóná. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Kò gbóná ju ẹ̀kọ ìdájí lọ. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó gòkè lọ wò ó, yóò bá ojú ìka mi márààrún lára rẹ̀ níbẹ̀.

Irú ọkùnrin tí mo jẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo sì ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó yí mi ká ní ilé ẹ̀rọ Àbẹ̀jẹ́ ní Abà Àgbọ̀nrín. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀gẹ́ wà níwájú wọn, wọ́n ń bẹ ẹ́ bí ẹni pé ogun ń bọ̀.

Ogun náà sì ń bọ̀ lóòótọ́. Àbẹ̀jẹ́ ni ìyàwó àbúrò mi tó ti di olóògbé. Ohun kan ṣoṣo tí àbúrò mi fi sílẹ̀ fún un ni ẹ̀rọ oníná tí ń rin ẹ̀gẹ́, kò sì sí irú rẹ̀ mìíràn ní abà wa. Àáró ni àwọn obìnrin wa ń ṣe. Ó kan Àbẹ̀jẹ́, gbogbo wọn bá a wú ẹ̀gẹ́ oko rẹ̀, ọgbọ̀n agbọ̀n, iṣẹ́ ọdún kan àtààbọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wú u tán gan-an ni ẹ̀rọ náà ké “kẹ̀ẹ̀ẹ̀!”, ó sì dúró gbagidi. Bíárìn rẹ̀ ti fọ́. Òrùka irin méjì ni bíárìn, ọ̀kan nínú èkejì, tí àwọn ọmọ irin róbótó ń yí láàárín wọn; òun ni ọ̀pá ẹ̀rọ fi ń sáré láìfi ara gbo irin. Bó bá ti fọ́, ẹ̀rọ di òkúta.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹta inú rẹ̀ á máa dúdú. Ní ọjọ́ kẹrin ewúrẹ́ pàápàá á gbóòórùn rẹ̀, á kọjá lọ. Nítorí náà ni mo ṣe gbé bíárìn tó fọ́ yẹn sínú àpò ọdẹ mi, tí mo ní èmi yóò wá irú rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹta ni ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ní ìyálẹ̀ta. Mo ti padà dé. Bíárìn tuntun wà lọ́wọ́ Ráfíù tí í bá wa tún ẹ̀rọ ṣe, ó ti dojú bolẹ̀, ó ń tú ẹ̀rọ náà.

“Bàbá Ọdẹ, ẹ kú ìrìn o,” Àbẹ̀jẹ́ ní. “Níbo lẹ ti rí i?”

“Ìyàwó mi,” mo ní, “fi ìdí lélẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà náà jìn.”

Àṣàbí, ìyàwó ilé wa kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ gbé orí sókè. “Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ ní kúkúrú o.”

“Ẹni tó bá ní kí ọdẹ sọ̀rọ̀ ní kúkúrú, ẹran ọ̀kẹ́rẹ́ ló fẹ́ jẹ,” ni mo fi dá a lóhùn, mo sì kó sínú ọ̀rọ̀.

Mo rìn, mo rìn, mo rìn títí àtẹ́lẹsẹ̀ mi fi tán, mo wá ń fi orúnkún rìn. Mo dé Igbó Ariwo. Kò sí ohun kan nínú igbó yìí tí kì í ké. Ìrókò ń ké bí ìlẹ̀kùn ògbólógbòó, ọ̀pẹ ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì mú lẹ́sẹ̀. Bí ìwin ibẹ̀ bá fẹ́ yí ojú wo ẹ̀yìn, ọrùn rẹ̀ á ké títí ẹyẹ á fi já bọ́ láti orí igi. Ariwo náà pọ̀ débi pé etí mi méjèèjì ré bọ́ sílẹ̀. Mo ṣà wọ́n, mo kó wọn sápò, mo ń bá ọ̀nà lọ.

“Èwo ló wá wà lórí yín yìí?” Àṣàbí ní.

“Mo lẹ̀ wọ́n padà. Ṣé o rò pé mo lè gbàgbé etí ara mi sínú igbó ni?”

“Ó jọ pé ọ̀tún lẹ lẹ̀ sí òsì.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, nítorí pé ojú ọ̀nà ni ọkàn mi wà. Ìwin kan yọ sí mi, ìbàdí rẹ̀ ń han gooro bó ti ń bọ̀. Ó ní, “Ọdẹ, àlọ́ kan ni mo ní. Bí o bá túmọ̀ rẹ̀, wàá kọjá. Bí o kò bá túmọ̀ rẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ ni n ó fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Kí ló ń sáré láti òwúrọ̀ dalẹ́ tí kò sì kúrò nínú yàrá rẹ̀?”

“Ẹnu Bàbá Ọdẹ ni!” Àṣàbí ké.

Ẹ̀rín pa wọ́n títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Kí n má purọ́, ohun tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún ìwin náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ti ọwọ́ bọ àpò, bíárìn tó fọ́ náà ké lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Àwọn ọmọ irin inú bíárìn ni!”

Ìwin náà bú sẹ́kún. Ó ní, “Òótọ́ lo sọ. Àwa náà ń yí jẹ́jẹ́ nígbà kan rí. Ọ̀rá inú wa ló gbẹ. Nígbà tí a kọ́kọ́ ń ké, àwọn tó ni wá ní kò sí nǹkan kan, wọ́n ń lò wá lọ. Ẹni tí a kò gbọ́ igbe rẹ̀ ní àárọ̀, ikú rẹ̀ ni a ń gbọ́ ní alẹ́.” Ó yà fún mi, mo kọjá.

Àbẹ̀jẹ́ mi orí. “Ó ti lé ní oṣù kan tí ẹ̀rọ yìí ti ń ké. Mo rò pé ó ń kọrin ni.”

Ráfíù fọhùn láti ìdí ẹ̀rọ: “Ìyá, bíárìn kì í kọrin. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ yẹn.”

Inú mi dùn pé ọ̀mọ̀ràn gbè mí lẹ́sẹ̀, mo tún fi kún un. Láti Igbó Ariwo mo bọ́ sí Ìlú Afúnpinpin. Ìlú yìí, ẹ gbọ́ mi o, aṣọ irin ni wọ́n ń wọ̀, ó sì fún mọ́ wọn lára débi pé eṣinṣin kò lè fi ìyẹ́ bọ àárín aṣọ àti ara. Ọba wọn ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tó bá fún ni ohun tó dára. Ohun tó bá ní àyè, ti ọ̀lẹ ni. Mo bá wọn ní òwúrọ̀, gbogbo wọn ń sáré yí ọjà po, nítorí eré sísá nìkan ni iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n ti ń sáré ni ara wọn ń gbóná. Bí ara ti ń gbóná ni ó ń wú. Bí ó ti ń wú ni aṣọ irin ń fún wọn lọ́rùn. Kó tó di ọ̀sán, ìlú ti gan. Ọba gan lórí ìtẹ́, ìyàwó ọba gan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ajá gan pẹ̀lú eegun lẹ́nu. Tálákà kan ṣoṣo ló kù tó ń sáré kiri tó ń bu omi fún gbogbo wọn, nítorí aṣọ tirẹ̀ ṣò díẹ̀.

“Kí lẹ wá ṣe?” ẹnì kan béèrè.

“Kí ni n ó ṣe? Mo fi imú fa gbogbo ooru ìlú náà, mo sì sín in sí ìlú kejì. Títí di òní, wọn kì í dáná níbẹ̀. Wọ́n á kàn gbé ìkòkò sílẹ̀ ni, á hó.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ sín síbí o!”

Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ tí tálákà yẹn bá mi sọ ni mo gbé dání kúrò níbẹ̀. Ó ní, “Ẹni tí yóò sáré gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ooru. Díẹ̀ ni o, bí irun ojú kan. Bó bá pọ̀ jù, aṣọ á máa gbọ̀n lára, á sì ya.”

Ráfíù gbé bíárìn tuntun náà sí ojú òòrùn, ó yí i wò. Ó wò mí. Ó tún wo bíárìn. “Ó mà ga o. Lẹ́tà C àti nọ́ńbà ẹ́ẹ̀ta wà lára èyí. Èyí tó ní àyè díẹ̀ nínú ni lóòótọ́, òun ló yẹ ẹ̀rọ tó máa ń gbóná. Bàbá Ọdẹ, ta ló kọ́ yín?”

“Mo ń bọ̀ níbẹ̀,” mo ní, mo sì fẹ àyà.

Ẹ wá gbọ́ ti Ìwin Onírin. Ààfin rẹ̀ ni òpin ayé. Bí o bá kọjá ibẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan, o ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ojú mẹ́rìndínlógún ló ní. Wáyà ni irùngbọ̀n rẹ̀, ó gùn dé orúnkún. Bó bá wúkọ́, sípánà ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Òkè bíárìn yí i ká, láti orí èyí tó kéré bí ojú eèrà títí dé èyí tí erin lè gba inú rẹ̀ kọjá kí ìrù rẹ̀ má kan ẹ̀gbẹ́. Obìnrin ni o!

Ó gba bíárìn tó fọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó bí ẹni wo ojú òkú ẹbí rẹ̀. Ó ní bíárìn kọ̀ọ̀kan ló ní ilà, bíi ti àwọn baba wa. Ilà náà ní í sọ agbo ilé tó ti wá. Èmi náà kàwé dé kíláàsì kẹta kí n tó fò jáde lójú fèrèsé, mo bá a kà á: ẹ́ẹ̀fà, eéjì, òdo, àrún. Ó ní àwọn nọ́ńbà ìparí ní í sọ bí ihò inú rẹ̀ ti tó, kó lè bá ọ̀pá ẹ̀rọ mu rẹ́gí. Ó wá kó mẹ́ta síwájú mi, ilà wọn bára dọ́gba. Àkọ́kọ́ wà ní ìhòòhò, àwọn ọmọ inú rẹ̀ hàn síta. Èkejì fi irin pẹlẹbẹ bojú. Ẹ̀kẹta fi rọ́bà dúdú bo ojú méjèèjì pátápátá.

“Mú ọ̀kan,” ó ní.

Mo mú ti ìhòòhò. Ọmọ inú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹtà, ọdẹ kì í sì í ra ohun tí kò rí inú rẹ̀.

Ìwin náà rẹ́rìn-ín, òkè méjì wó. Ó ní, “O kò tíì sọ ibi tí ọmọ náà yóò máa gbé, o ti ń bá a yan aṣọ. Ṣé yàrá gbígbẹ ni, níbi tí fáànù ti ń yí jẹ́jẹ́ lókè? Ṣé inú eruku ni? Ṣé omi máa ń débẹ̀?”

Mo ní omi kì í débẹ̀, àfi èyí tí a fi ń wẹ̀ ẹ́.

“Ẹ ń wẹ ta?”

Ni mo bá ṣàlàyé àṣà wa fún un. Mo ní ní Abà Àgbọ̀nrín, bí a bá rin ẹ̀gẹ́ àáró ẹnì kan tán, a kì í kàn fi ẹ̀rọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kọ̀ọ̀kan á da omi korobá kan lé e láti orí dé ìdí, bí a ti ń da omi sẹ́sẹ̀ ìyàwó tuntun lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa kí i pé, “Kú iṣẹ́ o, ọmọ irin, kò ní rẹ̀ ọ́.”

Ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún bẹ̀rẹ̀ sí í da omi. Ìwin náà ní, “Ìfẹ́ yín ló pa á. Aláìláṣọ lẹ mú dúró nínú òjò. Omi ẹ̀gẹ́ kan, omi ìwẹ̀ kan, wọ́n wọ inú rẹ̀, wọ́n fọ ọ̀rá rẹ̀ dànù, ìpẹtà sì jẹ ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Bí mo ti sọ èyí, ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ wọn. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ń rántí korobá tirẹ̀. Àbẹ̀jẹ́ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Èmi ni mo pa á,” ó ní. “Lẹ́yìn tí ọkọ mi, bàbá Mọ́remọ́lá, kú, ó máa ń ṣe mí bíi pé òun ni mò ń wẹ̀. Ẹ̀yin a da ọ̀kan, èmi a da méjì.”

N kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yóò gba ibẹ̀ yọ. Mo wá irọ́ ńlá kan tí n ó fi bo ibẹ̀, n kò rí i. Kékeré kan ni mo rí.

“Ìyàwó mi,” mo ní, “ìwin náà kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ẹni tó wẹ ohun tó fẹ́ràn kò ṣẹ̀. Àwa tí a ra bíárìn fún un láìbéèrè ibi tó ń gbé la ṣẹ̀. Ó ní kí n sọ ọ́ fún ọ bẹ́ẹ̀.”

Ó fi ìdí aṣọ nu ojú, ó mú ọ̀bẹ rẹ̀. Ọkàn mi fúyẹ́, mo sì tún gba ẹnu mi padà. Mo sọ bí ìwin náà ṣe gbé ti rọ́bà lé mi lọ́wọ́, tó ní omi kò ní tètè wọ inú èyí, ọ̀rá rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n kí a má tìtorí rẹ̀ máa dà á lómi. Aṣọ òjò kì í sọ ènìyàn di ẹja. Àkísà tútù ni kí a máa fi nù ún. Lẹ́yìn náà ni mo sọ bó ṣe kúnlẹ̀ tó ń bẹ̀ mí pé kí n fi òun ṣe aya.

“Ìwin?” Àṣàbí ní.

“Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá irin, òun kò rí ọkùnrin bí èmi. Mo ní ti irùngbọ̀n yẹn ni n kò lè gbà. Inú bí i, ó dì mọ́ mi, a jìjàkadì fún ọjọ́ méje.”

“Ọjọ́ méje! Àná lẹ kúrò nílé!”

“Ọjọ́ ọ̀hún kúrú ju tibí lọ.”

Ráfíù ti ń fi bíárìn náà sẹ́nu ọ̀pá. Kò fi òòlù lu etí òde rẹ̀ bí àwọn aláìmọ̀kan. Páìpù kékeré kan ló fi ti etí inú, ó ń rọra kàn án díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó. Ó nu ọwọ́, ó sì na ọwọ́ sí mi.

“Bàbá Ọdẹ, èkejì ńkọ́?”

“Èkejì kí ni?”

“Orí méjì ni ọ̀pá ẹ̀rọ ní, iwájú àti ẹ̀yìn. Omi tó wọ tiwájú ló wọ tẹ̀yìn, ẹ wò ó, ó ti ń mì. Bí mo bá dì í padà báyìí, a kò ní rin agbọ̀n márùn-ún tí yóò fi dúró.”

Àbẹ̀jẹ́ ṣẹ́ ẹ̀gẹ́ kan sí méjì. Ó gbé inú rẹ̀ sókè fún wa. Ìlà dúdú ti ń gba inú rẹ̀ lọ bí eèrà. “Ẹ̀gẹ́ yìí ò lè rí ọ̀la o,” ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè.

Gbogbo ojú wá sára mi. N kò mọ ibi tí èkejì wà, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé èkejì wà. Ṣùgbọ́n ẹnu tí Ọlọ́run fún mi kì í dúró de ọpọlọ.

“Òjòlá ló gbé e mì!” mo ní. “Méjì ni ìwin fún mi. Bí mo ti ń bọ̀, òjòlá kan tí orí rẹ̀ wà níbí tí ìrù rẹ̀ wà ní Ìlọrin ya ẹnu, ó gbé èkejì. Mo wọ inú rẹ̀ lọ, mo bá abúlé méjì níbẹ̀, mo bi baálé wọn pé…”

Ọ̀kadà kan dún, ó dúró lẹ́nu ilé ẹ̀rọ. Obìnrin kan tó wé gèlè funfun sọ̀ kalẹ̀, eruku ti bò ó dé ìpéǹpéjú, àpò ọ̀rá kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni abà bàbá ọdẹ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀?”

Ìka tó nà sí mi ju ti ìdìbò lọ.

“Alhamdulillahi! Bàbá, ẹ fi èkejì sílẹ̀ sórí káńtà mi! Mo kó méjèèjì fún yín, ẹ ń sọ fún àwọn alájọtà mi bí ẹ ṣe fi eyín já ìkokò, ẹ mú ọ̀kan lọ. Èmi ni Alhaja Ṣífáwù tó ń ta bíárìn lọ́jà irin.”

Ráfíù ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti padà sí ìdí ẹ̀rọ. Àṣàbí ní tirẹ̀ dìde. Ó rọra yí Alhaja po.

“Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo àgbọ̀n yín.”

“Àgbọ̀n mi kẹ̀? Kí ló ṣe é?”

“Wọ́n ní irùngbọ̀n ibẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n ní wáyà ni. Wọ́n ní ojú yín jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ẹ sì kúnlẹ̀ fún Bàbá Ọdẹ kí ó fẹ́ yín, ó ní òun ò ṣe.”

“Ta ló kúnlẹ̀?” Alhaja bu ẹ̀gẹ́ kan nílẹ̀, èyí tó tóbi. “Èmi Ṣífáwù? Fún ta? Ọkùnrin tó jókòó sórí bẹ́ńṣì mi lánàá, tó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́!”

“Alhaja,” mo ní, “kò yẹ kí á máa…”

“Ó ń sunkún! Ó ní ìyàwó àbúrò òun kò ní nǹkan mìíràn láyé. Ó ní òun ti ṣèlérí fún àbúrò òun kó tó kú pé ìyà kò ní jẹ obìnrin náà. Èmi ni mo fi aṣọ mi nù ún lójú. Èmi ni mo béèrè ibi tí ẹ̀rọ ń gbé, mo sì ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àánú ló ṣe mí tí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí!”

Àbẹ̀jẹ́ dìde dúró. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò mí.

“Bàbá Ọdẹ,” ó ní, “ẹ sunkún?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ pè mí ní òpùrọ́, ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ́ ẹ. Ẹ ní mi ò rí ìwin, kò burú. Ṣùgbọ́n kí obìnrin kan dúró níwájú gbogbo abà kó béèrè lọ́wọ́ ọdẹ ọmọ ọdẹ bóyá ó sunkún, kí ojú ọdẹ náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta á níbẹ̀!

“Irọ́ ni!” mo ké. “Èéfín ló kó sí mi lójú!”

“Èéfín wo, lọ́jà irin?” Alhaja ju ẹ̀gẹ́ náà, ó bà mí ní ìpàkọ́. Mo fo agbọ̀n mẹ́ta, mo ki eré mọ́lẹ̀.

Ìdí ọ̀pẹ kan ní ẹ̀yìn oko ni mo ti dúró mí. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ náà gbéra. Kò ké, kò han. Ó ń hùn bí ọmọ tó mu ọyàn yó. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹnu rẹ̀, agbọ̀n kìíní, agbọ̀n kejì, igbe ayọ̀ àwọn obìnrin sì gba oko kan. Mo yọ orí díẹ̀ kí n lè rí ojú Àbẹ̀jẹ́.

“Ẹ wò ó lẹ́yìn ọ̀pẹ!” Àṣàbí ké. “Ó tún ń sunkún!”

Mo tún sá.